Ẹ Wo Ọrùn Kí Ẹ Tó Dá Ìmáànì Lẹ́jọ́

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Àṣàkẹ́ ọ̀run.

Gbogbo ẹyìn ń bẹ fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó dá ènìyàn tí ó sì ṣe é ní pípé, tí ó fi àwọn ohun tí ojú kò rí sínú ara rẹ̀ kí ó lè máa mí, kí ó máa rìn, kí ó sì máa rẹ́rìn-ín. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá Ànábì wa Muhammadu, àti àwọn ará ilé rẹ̀, àti àwọn sàhábà rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó bá ń tọ ipasẹ̀ wọn pẹ̀lú dáadáa títí di ọjọ́ àjíǹde.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, lọ́kùnrin àti lóbìnrin,

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá fún yín ní oṣù yìí kì í ṣe èyí tí a máa ń gbọ́ lójoojúmọ́ lórí mínbárì. Ó dá lórí ìbànújẹ́ tí ń mú ènìyàn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kú fún un, láìjẹ́ pé ọjà rẹ̀ kùtà, láìjẹ́ pé ẹnìkan ṣẹ̀ ẹ́. Ìsoríkọ́ ni à ń pè é. Àwọn oníṣègùn òyìnbó ń pè é ní dípírẹ́ṣọ̀n. Ohun tí ń fà á pọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà nínú wọn tí ó fara pamọ́ sí iwájú ọrùn gbogbo wa, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò sì mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Nítorí àìmọ̀ yìí ni wọ́n ṣe ń fi ẹnu ba ayé àwọn ẹlòmíràn jẹ́. Òun ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, bí Ọlọ́hun bá fẹ́.

ẸNI MÁRÙN-ÚN, ẸJỌ́ MÁRÙN-ÚN

Ẹ jẹ́ kí á fi ojú inú wo arábìnrin kan, irú ẹni tí kò ṣọ̀wọ́n ládùúgbò wa. Nígbà kan, ó máa ń jí kí làdánì tó pe ìrun. Òun ni í kọ́kọ́ dé ilé-kéwú ní ọjọ́ Sátidé, òun náà ni í gbẹ̀yìn kúrò níbẹ̀. Ó ṣe ìgbéyàwó, ó bímọ, wọ́n sọ ọmọ lórúkọ, gbogbo ènìyàn sì bá a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Àárẹ̀ mú un tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè dìde kí ìrun Sùbúhì. Bí ó bá ṣí Àlùkùránì, orí ìlà kan ṣoṣo ni ojú rẹ̀ máa ń wà. Ó ń sunkún, kò sì mọ ohun tí ó ń pa á lẹ́kún. Òtútù ń mú un nígbà tí àwọn yòókù ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀. Ó ń sanra, bẹ́ẹ̀ ni oúnjẹ tí ó ń jẹ kò tó ti tẹ́lẹ̀. Ìgbẹ́ kò yá a bọ̀rọ̀, awọ ara rẹ̀ gbẹ, irun rẹ̀ ń já sínú òòyà, ohùn rẹ̀ sì ti ki.

Kí ni àwọn ènìyàn wí? Ìyá ọkọ rẹ̀ ní ọ̀lẹ ni, ó ní àwọn bí méje láyé àwọn, àwọn sì ń gúnyán. Ọkọ rẹ̀ ní ọkàn rẹ̀ ti kúrò lọ́dọ̀ òun, ó sì ti ń ro bí òun yóò ṣe dá a padà sílé bàbá rẹ̀. Aládùúgbò ní ọwọ́ ayé ni. Ẹnìkan tí ń pe ara rẹ̀ ní oníruqya ní àlùjọ̀nnú ni, ó ní kí wọ́n mú bùláálà wá. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ sì ní ìmáànì rẹ̀ ló ti relẹ̀, pé ẹni tí ó bá ń ka Àlùkùránì bí ó ti yẹ kì í sorí kọ́. Ẹni márùn-ún dá ẹjọ́ márùn-ún, kò sì sí ẹnìkan nínú wọn tí ó ní kí wọ́n lọ gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.

Ẹ̀yin ọmọ ìyá wa, ohun tí ń ṣe irú arábìnrin yìí lè jẹ́ àìsàn ara pọ́nńbélé, èyí tí a lè fi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ mọ̀, tí a sì lè fi oògùn kékeré kan tọ́jú. Bí a kò bá tètè mọ̀, ilé rẹ̀ lè tú, ọmọ rẹ̀ lè jìyà, òun fúnra rẹ̀ sì lè máa ro pé ikú sàn ju ayé lọ.

ÌBÀNÚJẸ́ KÌ Í ṢE ÀÌNÍGBÀGBỌ́

Kí á tó dé ọ̀dọ̀ àwọn oníṣègùn, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ bi Àlùkùránì léèrè. Ṣé gbogbo ẹni tí ó bá banú jẹ́ ni ìmáànì rẹ̀ kéré?

Ọlọ́hun ròyìn Ànábì Yàkúbù fún wa nínú Súrà Yúsúfù (12:84-87). Ó sunkún ọmọ rẹ̀ títí ojú rẹ̀ méjèèjì fi funfun. Kò sí ibì kankan tí Ọlọ́hun ti pè é ní aláìnígbàgbọ́ nítorí rẹ̀. Ẹ sì ṣe àkíyèsí ohun tí ó ṣe. Ó gbé ẹjọ́ ìbànújẹ́ rẹ̀ lọ bá Ọlọ́hun nìkan, lẹ́yìn náà ni ó rán àwọn ọmọ rẹ̀ jáde pé kí wọ́n lọ wá Yúsúfù àti àbúrò rẹ̀, kí wọ́n má sì sọ ìrètí nù nínú àánú Ọlọ́hun. Ó ṣe àdúà, ó sì tún rán wọn lọ wá a. Kò fi ọ̀kan rọ́pò èkejì.

Ẹ tún wo Màríámọ̀ ìyá Ànábì Ísà (19:23-26). Nígbà tí ìrọbí mú un ní abẹ́ ọ̀pẹ dàbínù, ìnira náà pọ̀ dé ibi tí ó fi wí pé ì bá sàn kí òun ti kú ṣáájú ọjọ́ náà. Obìnrin tí Ọlọ́hun ṣà lẹ́ṣà ni ó sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn! Ǹjẹ́ wọ́n nà án? Ǹjẹ́ wọ́n bú u? Rárá o. Ohùn tí ó dá a lóhùn ní kí ó má banú jẹ́, ó sì fi omi tí ń ṣàn hàn án, ó ní kí ó gbọn igi ọ̀pẹ náà kí dàbínù tútù lè já bọ́ fún un, kí ó jẹ, kí ó mu, kí ojú rẹ̀ sì tutù. Ohun tí ara rẹ̀ nílò ni wọ́n kọ́kọ́ fún un. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí jẹ́ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá ní aboyún tàbí ìyálọ́mọ nínú ilé.

Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun fúnra rẹ̀ máa ń wá ìṣọ́ lọ́dọ̀ Ọlọ́hun kúrò nínú ìdààmú àti ìbànújẹ́. Ó wà nínú hádíìsì tí Bukhari àti Muslim gbà wá láti ọ̀dọ̀ Àíṣà, ìyá àwọn onígbàgbọ́, pé Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun sọ nípa talbina, ìyẹn ẹ̀kọ tí wọ́n fi ọkà báálì ṣe, pé ó máa ń fi aláìsàn lọ́kàn balẹ̀, ó sì máa ń mú díẹ̀ kúrò nínú ìbànújẹ́. Ànábì tí wọ́n ń sọ Àlùkùránì kalẹ̀ fún ni ó sọ pé oúnjẹ lè ran ọkàn tí ó bàjẹ́ lọ́wọ́. Ta ni ẹni tí yóò wá wí pé ìbànújẹ́ kò kan ara?

OHUN TÍ ÀWỌN ONÍMỌ̀ WA TI RÍ

Ó ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ tí onímọ̀ Mùsùlùmí kan, Abu Zayd al-Balkhi, ará ìlú Balkh ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Afghanistan lónìí, ti kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ọdún 934 ti mílàdí ni ó kú. Ìwé rẹ̀ ń jẹ́ Masalih al-Abdan wal-Anfus, ìyẹn ohun tí ó ṣe ara àti ọkàn láǹfààní. Ó pín ìbànújẹ́ sọ́nà. Ọ̀kan ni èyí tí a mọ ìdí rẹ̀, bíi kí ẹni ọ̀wọ́n kú tàbí kí ohun ìní ṣòfò. Èkejì ni èyí tí a kò mọ ìdí rẹ̀, tí yóò kàn bo ènìyàn mọ́lẹ̀, tí kò ní jẹ́ kí inú rẹ̀ dùn sí ohunkóhun. Al-Balkhi ní inú ara ni èyí ti ń wá, láti inú ẹ̀jẹ̀, ara ni a sì gbọ́dọ̀ tọ́jú fún un. Ọ̀rọ̀ ìtùnú àti ìrònú rere ni ó sì là sílẹ̀ fún ti àkọ́kọ́.

Onímọ̀ mìíràn, Ismail al-Jurjani, tí ó kọ ìwé ìṣègùn ńlá kan ní èdè Páṣíà ní ọ̀rúndún kejìlá ti mílàdí, ṣe àkíyèsí pé wíwú ọrùn, èyí tí àwa ń pè ní gẹ̀gẹ̀, máa ń bá yíyọ ojú síta rìn nínú àwọn aláìsàn kan. Ọ̀kan nínú wọn mọ̀ pé ìbànújẹ́ lè ti inú ara wá. Èkejì mọ̀ pé ohun tí ó ṣe ọrùn lè hàn níbòmíràn lára. Ó di ọ̀rúndún kọkàndínlógún kí àwọn oníṣègùn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó so ọrùn àti ọkàn pọ̀.

ẸRAN KÉKERÉ INÚ ỌRÙN

Ẹni tí ó bá ti dú àgbò Iléyá rí mọ ibi tí gògóńgò wà. Nísàlẹ̀ gògóńgò yìí, ẹran kékeré kan rọ̀ mọ́ ọ̀nà èémí, ó na apá méjì bíi labalábá. Tàírọ́ìdì ni orúkọ rẹ̀. Nǹkan bíi gíráàmù 20 ni ó wúwo nínú àgbàlagbà. Láti inú èròjà áyódíìnì tí ń bẹ nínú oúnjẹ àti iyọ̀ ni ó ti ń ṣe omi ara kan tí ń bá ẹ̀jẹ̀ lọ sí gbogbo ara.

Iṣẹ́ omi yìí dà bí iṣẹ́ ẹni tí ń koná nínú àrò. Bí ó bá pọ̀ tó, iná yóò jó dáadáa. Bí ó bá dín kù, iná gbogbo ara yóò rẹlẹ̀: ọkàn-àyà yóò máa lù díẹ̀díẹ̀, oúnjẹ kò ní tètè dà, òtútù yóò máa múni, ìrònú yóò falẹ̀, inú kò sì ní dùn mọ́. Bí ó bá sì pọ̀ jù, iná yóò ràn kọjá ààlà: ọkàn-àyà yóò máa sáré, ọwọ́ yóò máa gbọ̀n, oorun yóò dá, ooru yóò máa múni, ara yóò máa rù bí a tilẹ̀ ń jẹun, ẹ̀rù àti ìbínú yóò sì máa dìde láìnídìí. Ọpọlọ náà jẹ́ ara ènìyàn. Omi yìí ń dé ibẹ̀ bí ó ti ń dé ẹsẹ̀.

Ẹṣẹ́ kékeré mìíràn tún ń bẹ nísàlẹ̀ ọpọlọ, òun ni í ń rán tàírọ́ìdì níṣẹ́. TSH ni à ń pe iṣẹ́ tí ó ń rán náà. Nígbà tí tàírọ́ìdì bá ń ṣe ọ̀lẹ, ẹṣẹ́ yìí yóò gbé ohùn sókè, gẹ́gẹ́ bí làdánì ti máa ń gbé ohùn sókè bí ìjọ kò bá tètè dé. Nítorí náà, bí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ bá fi hàn pé TSH pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, ohun tí ó sábà túmọ̀ sí ni pé tàírọ́ìdì kò ṣiṣẹ́ tó.

Ní ọdún 1873, oníṣègùn kan ní Lọ́ńdọ̀nù, William Gull, ṣe àpèjúwe àwọn obìnrin tí ojú wọn wú, tí ara àti ìrònú wọn sì falẹ̀. Ní ọdún 1888, ìgbìmọ̀ àwọn oníṣègùn ní ìlú kan náà gbé àbọ̀ ìwádìí jáde pé tàírọ́ìdì tí kò ṣiṣẹ́ ni ó wà nídìí rẹ̀, wọ́n sì rí i pé orí máa ń dàrú mọ́ ọ̀pọ̀ nínú irú aláìsàn bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1891, George Murray, oníṣègùn ní ìlú Newcastle, mú tàírọ́ìdì àgùntàn, ó fún omi inú rẹ̀, ó sì fi gún obìnrin ẹni ọdún 46 kan lábẹ́rẹ́. Ara obìnrin náà yá. Ó lo ọdún 28 sí i láyé, ẹni ọdún 74 ni nígbà tí ó kú ní ọdún 1919. Àgùntàn tí tàírọ́ìdì wọn bọ́ sínú oògùn rẹ̀ ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn ju 870 lọ. Ẹ wo bí Ọlọ́hun ti fi ìwòsàn sínú ohun tí àwọn alápatà ń gé sọnù!

Lónìí, a kò nílò àgùntàn mọ́. Thyroxine ni orúkọ oògùn náà, oníhóró kékeré ni, tí à ń fi omi gbé mì. Ní ọdún 1949, oníṣègùn kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Richard Asher, kọ̀wé nípa aláìsàn 14 tí orí wọn ti dàrú nítorí pé tàírọ́ìdì wọn kò ṣiṣẹ́. Púpọ̀ nínú wọn ni orí wọn padà pé lẹ́yìn ìtọ́jú. Ẹ fi ọkàn yín ro ó: ẹni tí ayé ti pè ní wèrè, tí ó jẹ́ pé omi ọrùn rẹ̀ ni ó gbẹ.

TA NI KÍ Ó LỌ ṢE ÀYẸ̀WÒ?

Àìsàn yìí ń ṣe ọkùnrin, ṣùgbọ́n ó ń ṣe obìnrin ju ọkùnrin lọ ní ìlọ́po púpọ̀. Nínú ọdún kan lẹ́yìn ìbímọ, nǹkan bí obìnrin 5 nínú 100 ni tàírọ́ìdì wọn máa ń dàrú. Ti àwọn kan á padà bọ̀ sípò fúnra rẹ̀, ti àwọn mìíràn kì í padà. Ó tún lè máa rìn nínú ìdílé. Nínú àwọn kan, àwọn ọmọ ogun inú ara, tí Ọlọ́hun dá láti máa bá àrùn jà, ni wọ́n yíjú padà tí wọ́n ń bá tàírọ́ìdì jà. Oníṣègùn ará Japan, Hakaru Hashimoto, ni ó kọ́kọ́ ṣe àpèjúwe irú rẹ̀ ní ọdún 1912.

Ẹni tí ìsoríkọ́ rẹ̀ bá bá àárẹ̀, òtútù, àsanjù láìnídìí, ìgbẹ́ líle, awọ gbígbẹ tàbí nǹkan oṣù tí ó pọ̀ jù rìn, kí ó lọ bá dókítà kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ọrùn rẹ̀ bá wú, tàbí tí ojú rẹ̀ bá ń yọ síta, tàbí tí ọkàn-àyà rẹ̀ ń sáré láìṣe pé ó sáré. Ẹ má ṣe dúró de gẹ̀gẹ̀ kí ẹ tó lọ, nítorí pé tàírọ́ìdì lè dàrú láìjẹ́ pé ọrùn wú rárá.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á ṣe ẹ̀tọ́ sí òtítọ́. Kì í ṣe gbogbo ìsoríkọ́ ni ó ti ọrùn wá. Èyí tí kò ti ibẹ̀ wá ni ó pọ̀ jù. Bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé tàírọ́ìdì ẹnìkan dára, ìyẹn kò sọ àìsàn rẹ̀ di irọ́, kò sì túmọ̀ sí pé kí á padà sídìí ẹjọ́ márùn-ún àkọ́kọ́. Ìsoríkọ́ fúnra rẹ̀ jẹ́ àìsàn tí ó ní àwọn dókítà tirẹ̀. Láti ọdún 1954 ni Thomas Adeoye Lambo ti bẹ̀rẹ̀ irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ ní Aro, ní Abẹ́òkúta, níbi tí àwọn aláìsàn ti ń gbé pẹ̀lú ẹbí wọn láàrin ìlú, tí wọ́n sì ń gba oògùn. Kò yẹ kí ojú ti ọmọ Mùsùlùmí láti lọ sí irú ibẹ̀. Àwọn mìíràn sì wà tí wọ́n nílò ìtọ́jú méjèèjì, ti ọrùn àti ti ọkàn.

ÀDÚÀ ÀTI OÒGÙN

Àwọn kan yóò wí pé: Ọlọ́hun ni Ó ń woni sàn, kí ni à ń wá lọ sí ọsibítù? Òótọ́ ni pé Ọlọ́hun nìkan ni Ó ń woni sàn. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí Ó ti wo Ànábì Áyúbà sàn. Lẹ́yìn ìpọ́njú gígùn, Áyúbà ké pe Olúwa rẹ̀, Olúwa rẹ̀ sì gba àdúà rẹ̀ (21:83-84). Báwo ni ìwòsàn náà ti wá? Ọlọ́hun pàṣẹ fún un pé kí ó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ lu ilẹ̀, omi tútù sì jáde fún wíwẹ̀ àti mímu (38:42). Ọlọ́hun ì bá wò ó sàn láìsí omi, ṣùgbọ́n Ó fi omi ṣe ọ̀nà, Ó sì ní kí aláìsàn fúnra rẹ̀ ta ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó bá gbé oògùn mì pẹ̀lú Bismillahi, ẹsẹ̀ tirẹ̀ ni ó ń ta yẹn.

Nígbà tí àwọn ará oko Lárúbáwá bi Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun bóyá kí àwọn máa tọ́jú ara àwọn, ó pàṣẹ fún wọn pé kí wọ́n máa ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì fi yé wọn pé kò sí àrùn tí Ọlọ́hun dá tí kò dá ìwòsàn rẹ̀, àfi ogbó nìkan. Abu Dawud àti Tirmidhi ni ó gbà á wá.

Ruqya pẹ̀lú Àlùkùránì àti àdúà Ànábì dára, súńnà ni. A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni fi í sílẹ̀. Ohun tí a kọ̀ ni kí ẹnìkan máa na aláìsàn, kí ó máa fi ebi pa á, kí ó dì í lókùn, tàbí kí ó ní kí ó da oògùn dókítà nù. Ìyẹn kì í ṣe súńnà, ìkà ni.

Ẹ jẹ́ kí á rántí ìtàn tí Jábírù sọ, èyí tí ó wà nínú ìwé Abu Dawud. Àwọn kan wà ní ìrìn-àjò, òkúta ba ọ̀kan nínú wọn lórí, ó fọ́ ọ lórí. Ó wá lá àlá tí ó sọ ìwẹ̀ di dandan fún un. Ó bi àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bóyá òun lè ṣe táyámámù. Wọ́n ní àwọn kò rí àyè kankan fún un níwọ̀n ìgbà tí ó lè rí omi lò. Ó wẹ̀, ó sì kú. Nígbà tí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun gbọ́, inú bí i gidigidi, ó ní àwọn ni wọ́n pa á, ó sì bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn kò béèrè nígbà tí wọn kò mọ̀, nítorí pé ìbéèrè ni ó ń wo àìmọ̀ sàn. Ẹ̀yin ọmọ ìyá wa, àwọn wọ̀nyẹn kò gbé idà. Wọn kò sì ní ìkórìíra lọ́kàn. Ẹ̀sìn ni wọ́n rò pé àwọn ń ṣọ́. Fátíwà láìmọ̀ ni wọ́n fi pa ọmọ ìyá wọn. Ẹni tí ó bá wo obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣàìsàn, tí ó sì wí fún un pé ìmáànì rẹ̀ ni ó kéré, kí ó bẹ̀rù kí ó má baà bá àwọn wọ̀nyẹn dúró lójú kan náà.

OÒGÙN TÀÍRỌ́ÌDÌ ÀTI ÌJỌ́SÌN WA

Ẹni tí wọ́n bá kọ thyroxine fún, kí ó fi omi lásán gbé e mì nígbà tí kò sí oúnjẹ nínú rẹ̀, kí ó sì dúró fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 sí 60 kí ó tó jẹun. Oògùn ẹ̀jẹ̀ tí ó ní irin nínú àti oògùn egungun tí ó ní kálísíọ̀mù nínú kì í jẹ́ kí ó wọlé dáadáa. Kí wákàtí 4 wà láàrin wọn. Kì í ṣe oògùn tí ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kan. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ara tó yá gágá, àti pé lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 ni dókítà máa ń tún ẹ̀jẹ̀ wò láti mọ̀ bóyá ó tó tàbí ó pọ̀ jù. Ọ̀pọ̀ ni yóò máa lò ó títí ayé. Kò sí àbùkù níbẹ̀. Oúnjẹ náà, títí ayé ni à ń jẹ ẹ́.

Ní oṣù Ramadan, ọ̀nà wà fún un. Àwọn kan máa ń gbé e mì pẹ̀lú omi tí wọ́n fi ṣínu, kí wọ́n lọ kí ìrun Màgàríbì, kí wọ́n sì fi oúnjẹ sẹ́yìn díẹ̀. Àwọn mìíràn máa ń lò ó kí wọ́n tó sùn, nígbà tí wákàtí 3 ti kọjá lórí oúnjẹ wọn, tàbí kí wọ́n tètè jí ṣáájú sààrì. Kí oníkálukú bá dókítà rẹ̀ sọ ọ́ kí oṣù tó wọlé. Ẹni tí àìsàn bá sì ń dá dúró, Ọlọ́hun ti fún un láyè láti san ààwẹ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ mìíràn (2:185). Ẹni tí kò lè dìde dúró, kí ó jókòó kírun, gẹ́gẹ́ bí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun ti ní kí Imran ọmọ Husayn ṣe. Ìrọ̀rùn ni Ọlọ́hun fẹ́ fún wa.

Aboyún tí ń lo oògùn yìí kò gbọ́dọ̀ dá a dúró fúnra rẹ̀. Ọpọlọ ọmọ inú rẹ̀ nílò omi yìí, dókítà tilẹ̀ sábà máa ń fi kún un ni. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ máa lò ó nítorí pé ó fẹ́ rù; ó lè ba ọkàn-àyà jẹ́.

OJÚṢE OLÚKÚLÙKÙ WA

Ẹ̀yin ọkọ, kí ọ̀rọ̀ ìkọ̀sílẹ̀ tó jáde lẹ́nu yín, ẹ mú ìyàwó yín lọ sí ọsibítù. Owó àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìtọ́jú tí ẹ jẹ ẹ́.

Ẹ̀yin ìyá àti ìyá ọkọ, àwọn tí ó ń ṣe omúgọ̀ fún ìyálọ́mọ, ẹ̀yin ni ojú yín kọ́kọ́ ń rí ìyípadà. Ẹ tètè sọ̀rọ̀. Nínú ilé ìdáná yín, iyọ̀ tí ó ní áyódíìnì ni kí ẹ máa lò. Láti ọdún 1993 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi í sínú iyọ̀ ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà nítorí gẹ̀gẹ̀ àti nítorí ọpọlọ àwọn ọmọ. Ẹ fi ìdérí bò ó, ẹ má gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná tàbí sínú oòrùn kí áyódíìnì inú rẹ̀ má baà fò lọ. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀gẹ́ kan dáadáa, kí ẹ sì yan gáàrí bí ó ti yẹ, nítorí pé májèlé inú ẹ̀gẹ́ tí kò jinná máa ń dí tàírọ́ìdì lọ́wọ́, pàápàá níbi tí áyódíìnì bá ti kéré. Kí ẹ má sì gbé áyódíìnì mu bí oògùn láìjẹ́ pé dókítà ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé àpọ̀jù rẹ̀ náà ń da tàírọ́ìdì rú.

Ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ àti ẹ̀yin olùkọ́ kéwú, bí ọmọ ẹgbẹ́ kan bá dẹ́kun àtimáa wá sí àsàlátù, ẹ lọ bẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó yọ orúkọ rẹ̀. Ẹ bi í bí ó ti ń sùn, bí ó ti ń jẹun, àti bí ara rẹ̀ ti rí. Bí ó bá sọ fún yín pé ayé sú òun, tàbí pé ó ń ro àtipa ara rẹ̀, ẹ má fi ìyẹn ṣe wáàsí fún un lórí iná ọ̀run. Ó mọ̀ pé Ọlọ́hun kọ̀ ọ́. Ẹ dúró tì í, ẹ má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan, ẹ mú ohun tí ó lè fi pa ara rẹ̀ lára kúrò nítòsí, kí ẹ sì gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ náà gan-an.

Ìwọ tí o sì ń ka ìwé yìí, tí ó jẹ́ pé ìwọ fúnra rẹ ni ọ̀rọ̀ yìí ń bá wí, tí o ti ń bi ara rẹ láti oṣù púpọ̀ pé kí ni mo ṣe tí Ọlọ́hun fi kọ̀ mí sílẹ̀: Ọlọ́hun kò kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ìrun tí ò ń fi ara ríro kí, kò sọnù lọ́dọ̀ Rẹ̀. Lọ ṣe àyẹ̀wò. Àrùn ni a ń wò, a kì í wo ikú.

A bẹ Ọlọ́hun, Ọba tí Ó gbọ́ ohùn Áyúbà, tí Ó dá Yúsúfù padà fún Yàkúbù, tí Ó bọ́ Màríámọ̀ nígbà ìnira, kí Ó wo gbogbo aláìsàn wa sàn, èyí tí ara rẹ̀ ń ro àti èyí tí ọkàn rẹ̀ ń ro. Kí Ó fún àwọn dókítà wa ní òye, kí Ó fún àwọn ìdílé wa ní sùúrù, kí Ó sì kó ahọ́n wa níjàánu níbi tí a kò bá ti ní ìmọ̀. Àmín, yà Allah.